Ìjàpá àti Aṣọ Ilẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, àgbẹ̀ alálìkámà ní ìwọ̀-oòrùn Kansas, l'Amẹ́ríkà. Ẹ má bi mí pé kí ló gbé e débẹ̀: láti 1986 ni ìpínlẹ̀ náà ti fi irú ìjàpá kan ṣe ẹran afàyàfà àmì rẹ̀. Ọmọ onílé ni.

Òjò wọ́n lọ́hùn-ún. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń gbin àlìkámà, oṣù kẹfà ni wọ́n ń kó o. Wọ́n á wá fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán fún nǹkan bí oṣù 14, kó lè fa omi pamọ́ de irúgbìn mìíràn. Ìjàpá sọ èyí di ẹ̀sìn. Koríko kan kò gbọdọ̀ yọjú. Oko ń dán bí orí apárí, olóko ń yangàn.

Ekòló wá bá a. "Bàbá Ìjàpá, oòrùn ń mu ju ìdajì omi tí ẹ ń ṣọ́ lọ. Ẹ gbin ẹ̀wà àti óòtì bo ilẹ̀. Ẹ rántí 14 April 1935, tí ìjì eruku sọ ọ̀sán dòru." Ó wá dá orin:

Ìjàpá, daṣọ bolẹ̀ o,
*Ilẹ̀ ń gbọ́, ilẹ̀ ń gbọ́.*
Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ wá gbowó,
*Ilẹ̀ ń gbọ́, ilẹ̀ ń gbọ́.*

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o kò lójú, kí lo rí?"

Lóṣù kẹta, ìjì dé. Ó gbá ilẹ̀ dúdú orí oko dà sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìjàpá gbé igbá, ó lọ sin ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sin gbèsè.

Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé ìjọba ń fowó ran ẹni tó bá daṣọ bo ilẹ̀ lọ́wọ́. Kíá, ó gbin ẹ̀wà àti óòtì nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Oko tutù yọ̀yọ̀. Àlejò ń wá ya fọ́tò. Ekòló tún dé:

Ìjàpá, tètè gé e o,
*Ilẹ̀ ń gbọ́, ilẹ̀ ń gbọ́.*
Aṣọ náà ń mumi àlìkámà,
*Ilẹ̀ ń gbọ́, ilẹ̀ ń gbọ́.*

"Ẹ gé e nísinsìnyí tí òjò ṣì kù," ni Ekòló wí, "kẹ́ ẹ sì fi pòròpórò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹní."

"Lánàá, gbìn ín, lónìí, gé e! Elahọ́n méjì ni ọ́!" ni Ìjàpá wí. Ó fi í sílẹ̀ títí oṣù kẹjọ, nítorí fọ́tò.

Àlìkámà bọ́ sínú ilẹ̀ tó gbẹ bí ẹ̀fọ́ àjẹkù, kò hù. Yánníbo nìkan ló ti gé igun tirẹ̀ nígbà tí Ekòló kọrin, tirẹ̀ hù.

Ìjàpá ńkọ́? Ó wà ní ìpàdé àgbẹ̀, ó di olùkọ́: "Ẹ má gbin nǹkan bo ilẹ̀ o, ó ba oko mi jẹ́!" Àwọn àgbẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi Yánníbo.

Ààlọ́ mi kọ́ wa pé ẹni tó máa wọṣọ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí à ń bọ́ ọ.

Ìdí ààlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí ààlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Ó di pó, pó, pó.