Ìṣẹ́ Tí Wọ́n Ti Yọ Ebi Kúrò Nínú Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ó dá mi lójú pé wọn ò ronú kan ohun tó máa ṣẹ́kù. Ebi lọ, ó dáa. Abọ́ tánńganran tí etí rẹ̀ ti bó ńkọ́? Fìtílà elépo ńkọ́, àti àpótí ìjókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, àti páànù tó ti dógùn-ún? Wọ́n rò pé èèyàn á kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn ni. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n á kó o lọ sí Haie Vive ní Kútọnu, lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú Cadjèhoun níbi tí àwọn olówó àti òyìnbó ti ń jẹun alẹ́, tí wọ́n á gbé e kọ́ ògiri, tí wọ́n á sì máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wọ ọ̀kan nínú irú ọgbà ìjẹun bẹ́ẹ̀. Iwájú ni wọ́n to pẹpẹ sí bíi ti bùtíìkì abúlé: agolo mílíìkì tó ṣófo, ọṣẹ dúdú, òṣùwọ̀n onírin tí kò wọn nǹkan kan mọ́. Ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, tábìlì wà lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń sín jẹ. Ibi yòówù tí ẹ bá yà sí ní Kútọnu, ẹ ó rí bùtíìkì. Wọ́n á fi ọ̀dà kọ Alimentation Générale gàdàgbà síwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Ṣúgà oníhóró ni wọ́n ń kà tà níbẹ̀, sìgá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òróró nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu, tòmátò alágolo ní ṣíbí-ṣíbí, nítorí ẹni tó ń rà á kò ní ju owó ọbẹ̀ òní lọ́wọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá kan á gbé bẹ́ńṣì sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, á gbé ẹ̀kọ tí wọ́n ń pè ní àkàsà kalẹ̀, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà. Ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan á gbé alùpùpù rẹ̀ tì, á fi etí ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ nu ọwọ́, á jókòó. Ọgbà ìjẹun Kútọnu nìyẹn, kò ní ògiri, kò lórúkọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba Ààrẹ Patrice Talon ti Benin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀bá ọ̀nà padà. Katakata wọlé. Àtíbàbà, pẹpẹ, bẹ́ńṣì, èyí tó bá ti jáde sórí ilẹ̀ ìjọba, wọ́n wó o. Mi ò ní sọ pé wọn ò rí wí: ẹlẹ́sẹ̀ náà fẹ́ rọ́nà gbà, àtíbàbà mìíràn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ títì. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bẹ́ńṣì kan náà tó jẹ́ ìdọ̀tí níta, ó di àṣà ìbílẹ̀ nígbà tó wọ ọgbà olówó.

Kútọnu nìkan kọ́. Ní ọdún 1969, Dan Evins dá Cracker Barrel sílẹ̀ ní ìlú Lebanon, ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà: ilé oúnjẹ tó múra bíi ṣọ́ọ̀bù ìgbèríko àtijọ́, tó kó irinṣẹ́ àgbẹ̀ kọ́ ara ògiri. Ẹ̀ka rẹ̀ ti lé ní 600. Nígbà tí wọ́n yọ àwòrán bàbá tó jókòó ti àgbá kúrò lára àmì rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ariwo ta, wọ́n sì sáré dá a padà. Mélòó nínú àwọn tó pariwo ló ti ra iyọ̀ ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ rí?

Mo mú àbúrò bàbá mi obìnrin, ará Kétu, lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ọgbà náà. Ọmọ Pobè ló gbé oúnjẹ wá, nítorí náà èdè wa ni wọ́n jọ sọ. Màmá tọ́ àmìwó wò, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi tòmátò àti epo rò. Wọ́n tọ́ wàrà Fúlàní wò, èyí tí wọ́n fi pòpóròó ọkà bàbà sọ di pupa. Wọn ò rí àléébù kan. Wọ́n wá yí abọ́ wò.

“Ọmọ mi, ṣé abọ́ tó dáa ló tán ni?”

“Rárá o, ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ẹ. Ti àtijọ́ ni.”

“Àtijọ́ wo? Ọdún tí mo rówó ra tuntun ni mo fi irú èyí bọ́ ajá.”

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu, ó sá wọlé.

Láti ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Benin fàyè gbà jẹ́ 52,000 fránkì CFA. Bí ẹ bá pín in sí 30 ọjọ́, díẹ̀ ló fi lé ní 1,700 lójúmọ́. Owó yẹn kò ra àmìwó tí màmá jẹ. Ìṣẹ́ méjì ló wà nínú ọgbà lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí tó wà lára ògiri àti èyí tó ń gbé abọ́ kiri. Ti ara ògiri nìkan ni àwọn oníbàárà ń bá ya fọ́tò.

Àwọn oníbàárà wọ̀nyí kì í béèrè iye. Wọ́n á san, wọ́n á ní kí wọ́n mú ṣéńjì. Bí wọ́n bá jáde, tí wọ́n bá ìyá ẹlẹ́pà lẹ́nu géètì, wọ́n á dúró, wọ́n á máa nájà lórí 25 fránkì títí ẹ̀pà á fi tutù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Kútọnu lọ́dún Kérésì, ẹ lọ jẹun nínú ọgbà, atẹ́gùn ibẹ̀ tura lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń jáde, ẹ jọ̀ọ́, iye tí ìyá ẹlẹ́pà bá pè ni kí ẹ san.