Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àbúrò Mi Tó Ń Kọ Pátákó ní Abẹ́òkúta

Àbúrò mi àtàtà,

O kú ọ̀dà, o kú oòrùn orí àkàbà. N kò mọ orúkọ rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìkan ni mo mọ̀, mo sì ń rí i láti Lafẹ́nwá títí dé Ọbántókò. Iṣẹ́ náà wu ojú. Ọ̀dà rẹ kì í ṣàn, ìlà rẹ kì í wọ́. Abẹ́ lẹ́tà ni mo ti ní ẹjọ́ bá ọ rò, torí pé gbogbo abẹ́ lẹ́tà rẹ ló ṣófo. Kí ni dọ́ọ̀tì fi ṣe ọ́? Ṣé ó jẹ ọ́ lówó ni?

Wo pátákó tí a fi ń kí àlejò: E KAABO SI ABEOKUTA. Dọ́ọ̀tì mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀: ọ̀kan lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tó ṣáájú, ọ̀kan nínú káàbọ̀, ọ̀kan nínú orúkọ ìlú. O kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá á kà á bó ṣe bá a, á wá máa pe ìlú wa ní ohun tí Ṣódẹkẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ dó fúnra rẹ̀ kò ní dá lóhùn.

Mo mọ èsì rẹ. Wàá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí àwọn èèyàn ń rí i kà.” Wọ́n ń rí i kà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọpẹ́lọpẹ́ rẹ. Èdè ló ń bò ọ́ láṣìírí. Àwọn onígírámà ní orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tó ń bò ọ́ yìí: àǹkóò fáwẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ ni, àǹkóò kan náà tí a ń rà fún ìnáwó. Nínú ọ̀rọ̀ abínibí tí kì í ṣe méjì la so pọ̀, e àti o ló jọ ń wọ aṣọ kan, ẹ àti ọ náà ní tiwọn. E kì í bá ọ jókòó, bẹ́ẹ̀ ni o kì í bá ẹ jókòó. Nítorí náà, bí o bá kọ EKO sára pátákó ní gáréèjì Kútọ̀, ọ̀nà mẹ́rin kọ́ ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń kà á, méjì péré ni: kí méjèèjì gba dọ́ọ̀tì tàbí kí méjèèjì má gbà. Ó rí ọkọ̀, ó gbọ́ igbe ọmọ gáréèjì, ó mọ̀ pé Èkó ni. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ ILE EKO, wàhálà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níwèé ni, àbí ibi tí ẹlẹ́kọ ti ń pọ́n ẹ̀kọ, àbí ilé ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé?

Àǹkóò yìí ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. E àti o kì í ṣáájú a: ẹja, ọjà, ẹ̀wà, ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí o fi lè kọ EGBA láìfi nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀, tí ẹnu Yorùbá kò sì ní gbà kí a pè é lódì. Bí Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, bá sùn, fáwẹ̀lì ń ṣọ́ orúkọ wa.

Ṣùgbọ́n i àti u kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Èwo ni EBI nínú ebi, ẹbí àti ẹ̀bi? O lọ kọ ILE EBI sára ògiri agboolé ńlá kan, o tún fi kún un pé kì í ṣe títà. Àbúrò mi, ta ló fẹ́ ra ilé ebi? Bó bá sì jẹ́ ẹ̀bi lo ní lọ́kàn, kóòtù ni kí o gbé ọ̀dà rẹ lọ.

Orúkọ ìlú wa ló kúkú burú jù fún ọ. Abẹ́ dúró gedegbe, òkúta dúró gedegbe, a wá so wọ́n pọ̀, ẹ àti o wá di aládùúgbò tímọ́tímọ́. Àǹkóò kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Dọ́ọ̀tì nìkan ló lè ṣe é. (Ní pátákó ilé oúnjẹ, mo gbà fún ọ: LAFUN ATI EWEDU kò ní àbùkù kan, o kò sì ṣe wàhálà kankan kó tó rí bẹ́ẹ̀. Gbẹ̀gìrì ló máa ń mú ọ.)

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Abẹ́òkúta lo ti ń ṣe èyí. Ní 1846, Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, bá Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, wọ ìlú yìí, ibẹ̀ ló sì ti tún fojú kan ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ kíkọ èdè wa sílẹ̀ tó wà níwájú wọn kò rọrùn: lẹ́tà fáwẹ̀lì tí òyìnbó ní kò ju márùn-ún lọ, ohùn tó ń jáde lẹ́nu wa sì jẹ́ méje, ká má tíì ka àwọn àránmúpè. Nínú ìwé gírámà tí Crowther tẹ̀ ní 1852, àmì ti wà lábẹ́ e àti o. Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, náà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn èdè ayé. Ní oṣù Kìíní 1875, ìpàdé kan ní Èkó fi òǹtẹ̀ lù ú. Láàárín ìwé gírámà yẹn àti ìpàdé náà, ní oṣù Kejìlá 1859, Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn níbí fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ìwé náà kú nígbà Ìfọ́lé ní 1867, nígbà tí inú bí àwọn baba wa. Òyìnbó ni wọ́n lé o. Wọn kò lé dọ́ọ̀tì.

Bí o bá sì fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nígbà mìíràn, tí kọ̀ǹpútà ń bá ọ ṣe é, wàá ní kọ̀ǹpútà kò ní dọ́ọ̀tì. Irọ́ ni. Ẹ àti ọ wà nínú rẹ̀ ní odindi, nítorí pé àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n, fún ohùn ọ̀rọ̀ tiwọn. Ará Vietnam ti bá ọ gbé dọ́ọ̀tì dé ẹnu ọ̀nà, o kò lè nawọ́ mú un? Àmì ohùn ni mo lè fojú fò dá fún ọ. Kò sí ẹ tó gbé àmì ohùn lórí ní ẹyọ kan ṣoṣo, a ní láti lẹ àmì mọ́ ọn ni, fọ́ǹtì mìíràn á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ ẹ kì í ṣe e tó wọ bàtà. Lẹ́tà tó dá dúró ni, ọ̀kan nínú márùndínlọ́gbọ̀n.

Àwọn ọmọ ni mo sì ń rò. Ọmọ kan ní Aké á gbọ́ fáwẹ̀lì márùn-ún lẹ́nu tíṣà Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀, á gbọ́ méje lẹ́nu tíṣà Yorùbá kó tó di ọ̀sán. Bó bá ń rìn lọ sílé, tó ń ka gbogbo ohun tó rí, pátákó rẹ ló ń dá ẹjọ́ yẹn, ọdọọdún lo sì ń dá tíṣà Yorùbá lẹ́bi.

Ó dára, iṣẹ́ dé. Agboolé wa ń fẹ́ pátákó tuntun, ohun tí a fẹ́ nìyí: ILÉ ẸBÍ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Dọ́ọ̀tì méjì péré, ọ̀kan lábẹ́ Ẹ, ọ̀kan lábẹ́ Ṣ. Owó rẹ ti wà lọ́wọ́ baálé. Bó bá jáde ní ILE EBI, má wulẹ̀ yà lọ́dọ̀ wa. Ebi ni kí o lọ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
òǹkàwé pátákó.