Ẹ Jẹ́ Ká Jọ Pàdánù Lọ́gbọọgba

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará Cheshire àti Merseyside ní England. Ìyànjẹ ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ lágbègbè yín. Títí di 2025, àdúgbò tí tọkọtaya tó ń wá ọmọ ń gbé ló ń sọ iye ìgbà tí NHS, ètò ìlera ìjọba, máa sanwó IVF (ìtọ́jú tí wọ́n ti ń da ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ lóde ara) fún wọn: àwọn kan ń gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ará Cheshire East lẹ́ẹ̀kan péré. Lọ́dún yẹn, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlera níbẹ̀ ní kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn lórí àbá tó máa sọ gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ má rò pé ará Cheshire East ni wọ́n fẹ́ gbé sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ni àbá náà ní kí gbogbo yín máa gbà á. Àfi bíi bàbá tó ń fún àkọ́bí ní ẹran mẹ́ta, tó ń fún àbíkẹ́yìn ní ẹyọ kan. Nígbà tí àbíkẹ́yìn figbe ta, ó kó ẹran inú àwo ẹ̀gbọ́n padà sínú ìkòkò, ó nuwọ́, ó ní òun ti dájọ́ òdodo. Àbíkẹ́yìn ò rí nǹkan kan gbà, àmọ́ kò lẹ́nu ẹ̀sùn mọ́.

Bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń gba NHS nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú, gbé jáde ní 2013 sọ pé obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ti ń wá oyún fún ọdún méjì tí kò rí i, kó gba IVF lẹ́ẹ̀mẹta. Ìmọ̀ràn ni ṣá, kì í ṣe òfin, kálukú ìgbìmọ̀ sì ń kà á bó ṣe wù ú. Scotland náà wá ìdọ́gba, àmọ́ òkè ni wọ́n wò: ní 2016, ìjọba wọn kéde ẹ̀ẹ̀mẹta fún obìnrin tí kò tíì pé ogójì, ibi yòówù kó máa gbé.

Ìgbìmọ̀ yín á ní owó ò sí. Mo gbà, kò sí. Wọ́n á tún ní àìrọ́mọbí kì í pa èèyàn. Orúnkún tó ń dunni náà kì í pa èèyàn, NHS sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò tíì rí fọ́ọ̀mù tó ń bi àgbàlagbà bóyá ẹyọ orúnkún kan ò tó o. Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an pe àìrọ́mọbí ní àìsàn. Àti pé ẹ̀ẹ̀kan yìí kì í ṣe ohun kan náà lára gbogbo obìnrin. HFEA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé ìwòsàn IVF ní Britain, ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 2014 sí 2018: láàárín àwọn tó wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, nínú ọgọ́rùn-ún ọlẹ̀ tí wọ́n gbé sínú aláwọ̀ funfun, nǹkan bí 30 ló yọrí sí ìbí, ti aláwọ̀ dúdú jẹ́ 23. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún ò yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tó lówó á gbọ̀nà ilé ìwòsàn aládàáni lọ, yóò tún un ṣe. Ẹni tí kò ní, ìdọ́gba ti dé bá a nílé.

Òfin ló ní kí ìgbìmọ̀ gbọ́ tẹnu ará ìlú, kò sì burú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó ni wọ́n ń wá, kí wọ́n kọ owó gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́. Kí wọ́n kọ iye tí ẹ̀ẹ̀mẹta fún gbogbo èèyàn máa ná wọn, kí wọ́n kọ ohun tí NICE wí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wá béèrè irú ìtọ́jú tó yẹ kí wọ́n dín kù. Ó ṣeé ṣe kí ará ìlú dáhùn pé IVF náà ni. A ò ṣáà ní pe ìyẹn ní ìdọ́gba.