Ẹṣin Iwájú àti Iná Ẹ̀yìn

Nínú gbogbo orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti sọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kò sí èyí tó tú àṣírí ẹni tó sọ ọ́ bí orúkọ tí wọ́n fún Honda Accord ti ọdún 2003, nítorí "End of Discussion" ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe pé àríyànjiyàn parí, pé ẹni tó bá ti ní in ti gúnlẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè rà tí yóò jù ú lọ. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí ilé-iṣẹ́ náà fi yí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ọ̀hún padà, ni àwọn ènìyàn kan náà bá sọ ti ọdún 2006 ní "Discussion Continues", ìyẹn ni pé àríyànjiyàn ṣì ń bá a lọ. Ẹjọ́ tí wọ́n ti dá tán, iná ẹ̀yìn méjì ló tún un gbé dìde. Nígbà tí irú tuntun pátápátá sì dé ní ọdún 2008, tí ojú rẹ̀ le koko, "Evil Spirit", ẹ̀mí burúkú, ni wọ́n pe òun, ó sì jọ pé ẹni tó sọ orúkọ yìí ti ń fura sí ohun tó ń gbé e kiri.

Ní Gomari, àdúgbò tó súnmọ́ pápákọ̀ òfuurufú Máídúgùrì ní Ìpínlẹ̀ Borno, àríyànjiyàn náà kò tíì parí dòní, àfi pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí Honda, ó ti gorí Mercedes-Benz E-Class, ọkọ̀ bọ̀gìnì tí àwọn oníṣòwò ńlá, àwọn agbaṣẹ́ṣe àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba fi ń dá ara wọn mọ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bóyá ó tọ́ kí ẹni tó ti ní ti tẹ́lẹ̀ tà á, kí ó fowó lé e, kí ó sì lọ gba èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìrísí rẹ̀ padà. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ni Yorùbá wí, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé àgbà ni òwe náà ń kìlọ̀ fún pé kí ó tọ́ ìrìn rẹ̀ nítorí àwọn tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà pápákọ̀, òwe ti ṣẹ ní àṣẹjù, nítorí eré ẹṣin iwájú kọ́ ni ẹṣin ẹ̀yìn ń wò mọ́, ìdí rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ kì í sì í ṣe àlejò ẹṣin. Àwọn ẹlẹ́ṣin ló gbé ìjọba Kanem-Borno ró fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òkè ọya sì ni Ọ̀yọ́ Ilé ti ń ra púpọ̀ nínú ẹṣin ogun tirẹ̀, nítorí eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran kì í jẹ́ kí ẹṣin dàgbà ní ilẹ̀ igbó. Tòkunbọ̀, orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tó padà wálé, ni gbogbo Nàìjíríà fi ń pe ọkọ̀ àlòkù tó ti òkèèrè dé. Bí a bá sì wò ó dáadáa, ẹṣin inú òwe Yorùbá fúnra rẹ̀ lè jẹ́ tòkunbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò Ọya ló là kọjá, kì í ṣe òkun. Nígbà tí Dixon Denham, arìnrìn-àjò ará Gẹ̀ẹ́sì, dé Kukawa ní ọdún 1823, ó bá àwọn ẹlẹ́ṣin Shehu al-Kanemi nínú ẹ̀wù irin, wọ́n sì ti fi irin, idẹ àti fàdákà bo iwájú orí àwọn ẹṣin kan, tí wọ́n fi kìkì ibi tí ojú yóò ti ríran sílẹ̀. Àwọn náà ń tún ojú ẹṣin ṣe nígbà náà, kí ọ̀kọ̀ má baà wọlé ni. Kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tí gíríìlì oní-kúróòmù, ìyẹn àwo dídán tó wà níwájú ọkọ̀, ń dá padà, yàtọ̀ sí ojú olówó rẹ̀ nígbà tó bá ń nù ún.

Mercedes-Benz, tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, ní kàlẹ́ńdà kan tí kò pamọ́ fún ẹni tó bá lè ṣírò. E-Class tuntun jáde ní 1995, òmíràn dé ní 2002, òmíràn ní 2009, òmíràn ní 2016, òmíràn ní 2023, ọdún méje-méje géérégé bí ẹni tó ń bọ òrìṣà. Láàárín ọdún méje yìí ni wọ́n tún ń ṣe èyí tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ń pè ní facelift, tí í ṣe pípa ojú ọkọ̀ dà láìfọwọ́ kan egungun rẹ̀, ìyẹn náà sì bọ́ sí 2006, 2013 àti 2020, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá bí ọkọ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò di ẹni àná ti wà nínú ìwé kí ó tó délẹ̀ ayé. Láti 1995 ni iná iwájú E-Class ti pín sí ojú mẹ́rin, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń fi ojú mẹ́rin náà yangàn, kí ọdún 2013 tó dé tí wọ́n kó méjì-méjì sínú gíláàsì kan ṣoṣo, tí ọlójú mẹ́rin sì di ẹni ìtìjú láàárín òru kan.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká tuntun kò ṣàì rí ọ̀nà gbé e gbà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ kan ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní upgrade, níbi tí wọ́n ti ń bọ́ ojú ọkọ̀ àtijọ́ kúrò, tí wọ́n sì ń gbé ojú tuntun wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ọdún 2010 á dúró lórí iyanrìn láìní bọ́ńpà, ihò dúdú mẹ́rin á là sílẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ wà, iná tuntun á jókòó nínú páálí pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ lára, rewáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, á sì gé wáyà kan, á fi eyín bó o, á lọ́ ọ mọ́ òmíràn, á sì fi sẹ́lótéèpù dúdú dì í. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ á jáde pẹ̀lú ojú ọdún 2014, ẹ́ńjìnì ọdún 2010, àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná láti ọdún tó kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo tí ń ka eré, iná kékeré kan tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì kò tíì kú. Iná tuntun ń tàn sí aráyé, iná ìkìlọ̀ ń tàn sí olówó ọkọ̀.

Ní ti èyí tó jáde ní 2023 gan-an, òdodo yẹ kó hàn. Gbogbo ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni wọ́n fún ní ìrànwọ́ mọ́tò iná mànàmáná àti bátìrì, èyí tó ń dín epo kù díẹ̀, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì wúlò fún ẹni tó ń sáré lójú pópó Jámánì lójoojúmọ́. Mìlímítà 22 ni wọ́n fi kún àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò tó ìbú ìka méjì. Ẹni tó bá sanwó lé e lè gba kámẹ́rà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tí yóò máa ya òun fúnra rẹ̀ ní fọ́tò. Òmíràn nínú irú rẹ̀ wà tí wọ́n ń so mọ́ iná ilé kí bátìrì rẹ̀ lè kún, ìlú tí wọ́n sì fẹ́ gbé e wá ni Máídúgùrì, tí àwọn agbésùnmọ̀mí wó òpó iná rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2021, tí iná ìjọba sì dàwátì fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yàwòrán ọkọ̀ yìí gbọ́ òwe Yorùbá, àbí kí ni ká ti wí? Inú iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi àwòrán ìràwọ̀ ilé-iṣẹ́ náà sí, kí ó máa tàn lóru. Ojú awakọ̀ kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló lè rí i, ní Máídúgùrì tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní ọdún 2011 sì rèé, ẹni ẹ̀yìn náà kì í sábà jẹ́ ẹlòmíràn bí kò ṣe oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹni tí kò béèrè ìràwọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀bi náà kò sì yẹ kó wà lórí ẹṣin ẹ̀yìn nìkan. Ní ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí iye owó lítà kan sì ju ìlọ́po méjì lọ lọ́sàn-án kan òru kan, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde pé ilé aṣòfin àpapọ̀ ń ra ọkọ̀ jíìpù tó tó nǹkan bí 160 mílíọ̀nù náírà fún aṣòfin kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé pé ojú ọ̀nà kò dára. Ojú ọ̀nà kò dára! Àwọn tó ń fọwọ́ sí owó ojú ọ̀nà ló wí bẹ́ẹ̀, ní ìgbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù jẹ́ 30,000 náírà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń gbà á yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún 440 lọ láìjẹ láìmu kí ó tó ra ẹyọ kan. Bí ẹṣin iwájú bá ń sáré lọ sínú kòtò tó gbẹ́ fúnra rẹ̀, kí ni ẹṣin Gomari ì bá wò?

Ó wà lára ohun ìyanu pé ní Máídúgùrì yìí kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mustapha Gajibo, ti ń yọ ẹ́ńjìnì epo kúrò nínú àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké, tó ń fi mọ́tò iná àti bátìrì rọ́pò rẹ̀, tí ìròyìn rẹ̀ sì kàn ká ayé ní ọdún 2021. Inú ọkọ̀ ló yí padà, ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sí ẹni tó gbọ́ pé àwọn ọlọ́lá àdúgbò ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gùn ún.

Síbẹ̀, ó ṣòro láti kórìíra ẹni tó ra ìràwọ̀. Ní àárọ̀ ọyẹ́, kí oòrùn tó là, á ti pe mai ruwa, ìyẹn ẹni tó ń fi ọmọlanke ta omi jálá kiri, á ra jálá mẹ́ta, á fi fọ ọkọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, á sì fi aṣọ funfun nu iná ẹ̀yìn ní ẹ̀ẹ̀mejì bí ẹni tó ń nu imú ọmọ àkọ́bí rẹ̀. Kí ó tó dé ibi tí àwọn ológun ti ń yẹ ọkọ̀ wò, eruku ti padà sórí rẹ̀. Níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni tuntun àti àtijọ́ ń tò, ìrìn ìgbín sì ni gbogbo ẹṣin ń rìn. Á tẹ bíréèkì, ìràwọ̀ á tàn lábẹ́ eruku, oníkẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì fọn fèrè pé kí ó sún síwájú.