Mo San 30,000 Sẹ́fà Kí N Lè Rìn Lójú Kan

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kùtọ̀nú, ẹ̀yin tí ẹ wà níbikíbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rín músẹ́ gba owó lọ́wọ́ ọmọ èèyàn, ẹ sún mọ́ mi, ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò. Bí mo bá ṣì í, ẹ fi mí ṣẹ̀sín. Bí mi ò bá ṣì í, ẹ bá mi ké "yéè!" kó ròkè.

Télọ̀ ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ, àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń lọ, ẹsẹ̀ mi ń bọ̀. Síbẹ̀, ikùn mi, tí mo fi tépù ọwọ́ ara mi wọ̀n, kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 84, ó di 103. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé èmi ni mò ń rán ṣòkòtò ara mi. Nígbà tí kò wọ̀ mí mọ́, mi ò rí télọ̀ kankan bú.

Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó mi orí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ máa rìn." Mo ní rírìn tó báwo? Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà fi 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, dá ara yá lọ́sẹ̀ kan, pé kí n sáà máa rìn kánmọ́kánmọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: rìn. Ọkùnrin yẹn ò dárúkọ owó! Àmọ́ kí n tó bọ́ bàtà nílé, ọ̀rọ̀ ti yí lẹ́nu ìyá àwọn ọmọ mi. Ó ní ọkọ ọ̀rẹ́ òun ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìdárayá, pé ọkùnrin náà ti wá dà bí ọ̀dọ́. Àbúrò mi ní òótọ́ ni. Oníbàárà mi tó jẹ mí ní owó aṣọ láti oṣù mẹ́rin ní òótọ́ ni! Gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan bíi pé wọ́n ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ mi.

Mo bá lọ. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ikùn rẹ̀ tẹ́ bíi pátákó tí mo fi ń lọ aṣọ. Ó ní ọjọ́ kan 1,000 sẹ́fà, oṣù kan 10,000, àmọ́ bí mo bá san ti oṣù mẹ́ta pọ̀, 25,000 ni, mo ti jèrè 5,000. Èrè! Ara mi yá gágá. Ìgbà tí mo kówó sílẹ̀ tán ló wá sọ pé ó ku owó ìforúkọsílẹ̀. Èló? 5,000! Èrè tí mo jẹ ò tíì tutù lọ́wọ́ mi tó fi gbà á padà. Mo ní kí n dúnàádúrà díẹ̀, ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ọjà nìyí." Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí wọ́n ti ń gbowó, tí kì í ṣe ọjà, tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í ṣe mọ́sálásí, kí ni wọ́n ń pè é? Ẹ sì rántí pé láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ jẹ́ 52,000. Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tí mo fà lé ọmọ yẹn lọ́wọ́, ó sì ní kí n máa rẹ́rìn-ín, òun fẹ́ yà mí fún káàdì.

Ilé ìdárayá ọ̀hún jìnnà sí mi, ni mo bá ń gun sẹ́mijáàn, alùpùpù akérò wa, lọ, 200 àlọ, 200 àbọ̀. Ẹ dúró ná. Mò ń sanwó kí n má baà rìn, kí n lè tètè dé ibi tí mo ti sanwó láti rìn! Onísẹ́mijáàn bi mí pé níbo là ń lọ, ojú tì mí, mo ní mò ń lọ kí aláìsàn kan.

Wọ́n gbé mi gun orí rọ́bà kan tó ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Mo rìn títí, ara ògiri kan náà ni mò ń wò. Dígí ló yí ká, mo rí ikùn mi níwájú, mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí ibi tí mi ò mọ̀ pé ó dé. Bí mo bá mí, àwọn ọmọdé gbogbo á ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Nígbà tó yá, iná lọ, rọ́bà dúró gbọ̀ngbọ̀n, èmi ò dúró, wọ́n tún ní ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà, mò ń fẹsẹ̀ wà á, mo wá ronú pé kí lèyí fi yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, yàtọ̀ sí pé tèmi ń mú aṣọ jáde? Ibẹ̀ ni géńdé kan ti wá bá mi, mo rò pé ó fẹ́ kọ́ mi ní nǹkan, àfi bó ṣe na ṣòkòtò sí mi pé, "Bàbá, wọ́n ní télọ̀ ni yín, ẹ bá mi ká ẹnu rẹ̀ sókè." Mo ká a. Kò san kọ́bọ̀.

Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì Parakou wá pè mí lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ nípa rọ́bà tó ń sá yẹn, ó ní ní 1818, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, William Cubitt, ṣe àgbá ńlá kan tó ní àtẹ̀gùn, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gùn títí, tí wọn ò sì ní dé òkè. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni! Ẹ gbà mí o! Àwọn olè ò sanwó, ìjọba ló tún ń bọ́ wọn, èmi tí mi ò jí abẹ́rẹ́ rí, mo fowó ara mi ra ti tèmi!

Kò tán síbẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, ṣe ìwádìí ní ilé ìdárayá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006. Wọ́n ní àwọn tó ń san owó oṣù tó lé ní 70 dọ́là, ẹ̀ẹ̀mẹrin lé díẹ̀ péré ni wọ́n ń yọjú lóṣù. Ìgbà kan ń ná wọn ju 17 dọ́là lọ, bẹ́ẹ̀ 10 dọ́là ni ì bá jẹ́ ká ní káàdì ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n rà. Àṣé wọ́n ti kọ ìtàn ayé mi sílẹ̀ láti 2006, kò sẹ́ni tó fi ránṣẹ́ sí Ṣábẹ̀ẹ́!

Ìṣirò tèmi nìyí. Oṣù kìíní, mo lọ lẹ́ẹ̀meje. Oṣù kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn náà, táwẹ́ẹ̀lì mi tí mo gbàgbé ni mo lọ mú. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Fi owó sẹ́mijáàn kún 30,000, ó di 34,400, ìyẹn ni pé ìgbà kan ná mi ní 3,127 sẹ́fà. Ká ní ìgbàkígbà tí mo bá lọ ni mo ń san 1,000 mi lẹ́nu ọ̀nà ni, 11,000 péré ni wọn ì bá gbà. 19,000 bá afẹ́fẹ́ lọ!

Gbogbo èyí sì ń ṣẹlẹ̀ nínú Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí òkè kún ìlú. Ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti ń wò wọ́n, àwọn òkè tí àwọn Faransé sọ lórúkọ ọmú, tí àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá gùn. Nígbà tí ogun Dàhòmì ń dà wá láàmú, orí wọn làwọn baba ńlá wa sá gùn. Ta ló ya fọ́tò wọn fún káàdì? Ta ló gba ìforúkọsílẹ̀? Ẹ ti rí ẹni tó ń gé ìrèké nínú oko ilé iṣẹ́ ṣúgà wa yìí, tó délé tán tó ní òun ń wá kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà?

Ní báyìí, mò ń rìn dé ìdí òkè láràárọ̀, àwọn ìyá tó ń lọ oko sì ń bi mí bóyá ewúrẹ́ mi ló sọnù.

Káàdì mi ṣì ku ọjọ́ mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, 1,000 sẹ́fà ni, mi ò ṣe ẹ̀dínwó. Fọ́tò mi ló wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù: wọn ò rí mi tó láti dá ojú mi mọ̀.