Ìyáàfin Èmi-Gan-an-Ni

Bí ènìyàn bá dé ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àwọn olólùfẹ́ Jane Austen, tọkùnrin tobìnrin, bá wọ aṣọ ayé àtijọ́ tí wọ́n sì ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ káàkiri ìgboro bí eégún tí ọjọ́ rẹ̀ pé, kò ní pẹ́ kí ó tó pàdé obìnrin kan tí èmi sọ ní Ìyáàfin Èmi-Gan-an-Ni. Bí ẹ bá kí i pé ó kú àjọ̀dún, kí ó tó dá yín lóhùn ni yóò ti sọ fún yín pé Elizabeth Bennet, ọmọ kejì nínú àwọn ọmọbìnrin márùn-ún tí Austen kọ ìtàn wọn sínú Pride and Prejudice ní ọdún 1813, kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe òun. Kì í ṣe pé wọ́n jọra o, òun gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí a ki Elizabeth bí ó ti tọ́, nítorí ọmọ náà ní ohun tí a fi ń kini: Elizabeth, ọmọ Bennet ará Longbourn, a-fẹsẹ̀-rin-máìlì-mẹ́ta-nínú-ẹrẹ̀ lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá; a-kọ-Collins-má-bojú-wẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ Collins ni yóò jogún ilé tí bàbá rẹ̀ ń gbé; a-rí-ọrọ̀-Darcy-má-mì, 10,000 pọ́n-ùn lọ́dọọdún. Bí a bá wá bi Ìyáàfin wa léèrè ohun tí ó fi jọ ẹni tí à ń kì yìí, a ní òun náà ti fi bàtà tuntun tẹ ẹrẹ̀ rí, láàárín ibi tí òun gbé ọkọ̀ sí àti ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà. A ní òun náà sì ti lé ọkùnrin tí ó wá fẹ́ òun padà rí. Ọkùnrin náà, gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́, bèèrè bóyá ẹnìkan ni ó ni àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni.

Nínú gbogbo ìwé náà, ẹnìkan ṣoṣo ni ó ní ìbátan láyé. Kò sí ẹni tí í jẹ́ Charlotte Lucas, tí ó pé ọmọ ọdún 27 tí kò rí ọkọ, tí ó sì gba Collins nítorí pé ìfẹ́ kò ṣeé fi bo òrùlé; bẹ́ẹ̀, irú Charlotte ni ó kún ọjà ayé. Ìyáàfin wa kò sì jẹ́ jẹ́ Ìyá Bennet láéláé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rẹ́kùnrin ọmọ rẹ̀ kò tíì jókòó tán tí ó ti ń wádìí iye yàrá tí ó wà nílé àwọn òbí rẹ̀. Nínú Emma, ìwé Austen mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ní ẹjọ́ Miss Bates pọ̀ jù. Tíì wa ti tutù kí ó tó ṣàlàyé bí ó ti pọ̀ tó. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. (Ti àwọn ọkùnrin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: Darcy ni gbogbo wọn, ojú líle rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì jogún.)

Bí òtútù bá dé, a bọ́ Elizabeth sílẹ̀, a di Jane Eyre, ọmọ òrukàn tí Charlotte Brontë fi orúkọ Currer Bell kọ ìtàn rẹ̀ ní 1847. Òṣì Jane a máa dùn mọ́ ọn: 30 pọ́n-ùn lọ́dún ni wọ́n ń san fún ọmọ náà nílé Rochester, Ìyáàfin a sì mí kanlẹ̀ bí ẹni pé òun ni ìyà ń jẹ, òun tí ó ń gba owó ilé lórí ilé méjì. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá dé ibi tí Jane ti jogún 20,000 pọ́n-ùn, tí ó pín in sí mẹ́rin kí àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta lè rí tiwọn, ìgbà náà ni Ìyáàfin yóò rántí ìkòkò tí ó gbé kaná. Bertha Mason ńkọ́, ìyàwó tí Rochester mú wá láti Jàmáíkà tí ó tì mọ́ yàrá òkè? Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé òun gan-an nìyẹn. Jean Rhys, ọmọ erékùṣù Dominica, gba ọ̀rọ̀ Bertha rò nínú Wide Sargasso Sea ní 1966. Ìyáàfin ra ìwé náà, ó wà lórí pẹpẹ, ó ṣì ń dán.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti lẹ́tà Darcy. Lẹ́yìn tí Elizabeth ti fi ọ̀rọ̀ líle lé e, Darcy kọ̀wé sí i. Bí ọmọbìnrin náà sì ti ń kà á ni ojú ń tì í, tí ó ń rí i pé ọgbọ́n tí òun fi ń yangàn gan-an ni ó fọ́ òun lójú, àti pé títí di ọjọ́ náà òun kò mọ ara òun. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ó ti di ẹni à ń kì. Ìyáàfin wa a máa fo ibẹ̀ kí ó lè tètè dé Pemberley, ilé Darcy, níbi tí ó ti búra pé Darcy fi ẹ̀wù tútù jáde láti inú adágún omi, ohun tí kò sí nínú ìwé rárá. Tẹlifíṣàn BBC ni ó fi kún un ní 1995.

Ní 2017, báńkì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àwòrán Austen sára owó 10 pọ́n-ùn, wọ́n sì kọ gbólóhùn kan láti inú Pride and Prejudice sí i, èyí tí ó ń yin ìwé kíkà. Caroline Bingley ni ó ni gbólóhùn náà, obìnrin tí ó gbé ìwé kan dání kìkì nítorí pé ìdìpọ̀ kejì èyí tí Darcy ń kà ni, tí ó yán, tí ó sì wá yin ìwé kíkà kí Darcy lè gbọ́. Irú owó yìí ni Ìyáàfin fi sàmì sí ibi tí ó kàwé dé. Nígbà tí mo sọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ náà fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní irú Caroline bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí òun rárá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.