Alága Fàdákà

Símẹ́ńtì ni Alága Fàdákà tà tó fi là ní Delhi, àmọ́ ẹ má dárúkọ símẹ́ńtì níwájú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọba nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Àga fàdákà méjì tó ń dán gbinrin ní pálọ̀, ààfin Udaipur ni wọ́n ti wá. Ìrùkẹ̀rẹ̀ onídìí fàdákà, ààfin. Ìgò tí wọ́n fi ń wọ́n omi òdòdó sára àlejò, ààfin náà ni. Bí ẹ bá ní ọba wo, yóò rẹ ohùn sílẹ̀: "Wọn ò fẹ́ ká dárúkọ." Lóòótọ́, ní 1971 tí ìjọba Íńdíà fòpin sí owó tó ń san fún àwọn ọba, àwọn kan lára wọn ta ẹrù ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo àga tí irú Alága ní ó ti Udaipur wá jọ, ọba ò ní rí àyè dúró láàfin ara rẹ̀.

Ẹ má sì jókòó sórí àga fàdákà náà o! "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àga yẹn kọ́!" ni ọmọ ọ̀dọ̀ yóò ké, yóò sáré gbé àga ike wá. Igi ló wà nínú àga ọba. Alágbẹ̀dẹ a tẹ́ pẹlẹbẹ fàdákà lé ọ̀dà, a fi òòlù rọra lu ẹ̀yìn rẹ̀ títí ọ̀kín àti erin yóò fi yọ níwájú, a wá kàn án mọ́ igi. Àlejò kan tó bá tóbi nídìí lè sọ erin di ẹlẹ́dẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mi ò lè bu alágbẹ̀dẹ kù. Ìtàn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló wọ́n ju fàdákà lọ.

Láti ìgbà tí Alága ti lọ wo ìkòkò fàdákà méjì tó wà láàfin Jaipur ni ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Kílò 345 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú wọn ni ọba Jaipur, Mahárájà Madho Singh Kejì, rọ omi odò Ganges sí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1902, nígbà tí wọ́n fẹ́ dé Edward Keje ládé, kó má bàa mu omi òyìnbó. Alága ní àbúrò wọn ni ìkòkò ẹnu ọ̀nà òun. Bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni wọ́n pò ṣe àbúrò yìí, èyí tí ọjà ń pè ní fàdákà Jámánì, tí fàdákà kankan ò sí nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ọmọ Alága fi ra ilé sí Lọ́ńdọ̀nù, tí bàbá fẹ́ fi àga kan ránṣẹ́ sí i. Òfin 1972 ní ohun iṣẹ́ ọnà tó bá ti pé 100 ọdún, aráàlú kankan ò gbọdọ̀ gbé e jáde ní Íńdíà. Ni àga tó ti lo 150 ọdún lẹ́nu Alága bá di ti èṣí lójijì. Ó kọ̀wé sí àjọ tó ń mójú tó ohun àtijọ́ pé kí wọ́n fún òun níwèé ẹ̀rí pé kì í ṣe ohun àtijọ́. Ó ti múra àlàyé sílẹ̀, ó ti wá ẹni tí yóò bá a bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wo ẹsẹ̀ àga, wọ́n wo ìṣó ìdí rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i kíá, láìbèèrè ọ̀rọ̀ kan.

Inú Alága ò dùn láti ọjọ́ náà. Bí ẹ bá yà kí i, ẹ yin àga tó kù, kẹ́ ẹ má sì bèèrè ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.